Ọjọ́ kan ní Tokyo Dome City: ìdáhùn fún ẹni tí ó fẹ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ

Òǹkàwé kan tí ó ń gbé ní Ìbàdàn kọ̀wé sí mi pé òun àti ìyàwó òun, ọmọ wọn ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 5, àti ìyá òun tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ni wọn yóò jọ lọ sí Tókíyò ní oṣù Kẹfà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Tokyo Dome City, nítorí pé ọmọkùnrin náà rí fídíò ọkọ̀ eré kan, irú èyí tí ń sáré gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí irin gíga, tí ó gba àárín kẹ̀kẹ́ ńlá tí ń gbé ènìyàn yí po kọjá, kò sì jẹ́ kí ilé ó rímú mí láti ìgbà náà. Ó béèrè bóyá kí òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo-ọjọ́ fún àwọn márààrún láti ilé, àti bóyá kì í ṣe pé Màmá yóò kàn máa ṣọ́ àpò àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ lọ, kí ẹ̀yin márààrún sì jọ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ eré kankan. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò ni àtòjọ ọjọ́ ìdíje Yomiuri Giants, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù tí ó fi pápá Tokyo Dome ṣe ilé. Bí ìdíje bá wà ní ọjọ́ tí ẹ yà sọ́tọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje náà ni kí ẹ rà, kí ẹ sì to gbogbo ìyókù ọjọ́ náà yí i ká. Bí kò bá sí, kí ẹ yí ọjọ́ padà bí àyè bá wà. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ eré ni ọmọ yín ń wí, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọkọ̀ eré fi ń parí, ẹni 70 ọdún kò ní gùn ún, wọn kò sì ní gba ọmọ ọdún 5 láyè láti gùn ún. Nínú gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀, ìdíje nìkan ni ẹ̀yin márààrún lè jókòó papọ̀ wò fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, tí olúkúlùkù yóò sì rí ohun tí yóò gbádùn nínú rẹ̀.

Ohun tí ó máa ń ṣi àlejò lọ́nà ni pé ó rò pé ọgbà tí a mọ odi yí ká ni òun ń lọ. Kò rí bíi Ọgbà Àgọ́dì ní ìlú yín, níbi tí ènìyàn ti ń sanwó ní ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Tokyo Dome City kò ní ẹnu ọ̀nà. Àdúgbò kan ni láàárín ìlú, ní agbègbè Bunkyo, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ẹni tí kò bá fẹ́ náwó lè rìn yí i ká kí ó sì máa lọ sílé. Gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ó ní owó tirẹ̀: pápá ìṣeré, àwọn ọkọ̀ eré, ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná, ilé eré àwọn ọmọdé, gbọ̀ngàn ìjà ẹ̀ṣẹ́, ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ. Ní Tokyo Disneyland, tí ó wà ní Urayasu ní ìpínlẹ̀ Chiba láti 1983, ẹni tí ó bá ti sanwó wọlé gbọ́dọ̀ máa sáré káàkiri kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò; níhìn-ín, kò sí owó kankan tí ẹ ti kó sílẹ̀ tí yóò máa lé yín. Tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo-ọjọ́ wà lóòótọ́ fún àwọn ọkọ̀ eré, èyí tí a lè fi gun eré márùn-ún náà sì wà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gun eré kan náà ní àgùntúngùn ni wọ́n ń wúlò fún. Nínú ẹ̀yin márààrún, ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti gun ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa san owó rẹ̀.

Bí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣe kóra jọ sí ojú kan ní ìtàn. Nígbà tí Tókíyò ṣì ń jẹ́ Edo, ibẹ̀ ni ààfin ìdílé Tokugawa ti Mito, ẹ̀ka kan nínú ìdílé tí ó ń ṣàkóso Jàpáánì nígbà náà, wà; lẹ́yìn náà ni ìjọba Meiji, tí ó gba àkóso lẹ́yìn wọn, sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun. Ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá ti 1923 ba ilé iṣẹ́ ohun ìjà náà jẹ́, wọ́n sì kó o lọ sí ìlú Kokura. Ní 1937 ni wọ́n kọ́ pápá Korakuen sórí ilẹ̀ náà, ọgbà ọkọ̀ eré tẹ̀ lé e ní 1955, gbọ̀ngàn ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní 1962. Ní pápá àtijọ́ yẹn ni Sadaharu Oh, ọmọ ẹgbẹ́ Giants, ti gbá bọ́ọ̀lù sọdá odi fún ìgbà 756 ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1977, tí ó fi kọjá iye tí Hank Aaron gbá ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó fi eré sílẹ̀, ó ti di 868. Tokyo Dome fúnra rẹ̀ ṣí ní oṣù Kẹta 1988, òun sì ni pápá béèsìbọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe òrùlé sí ní Jàpáánì. Wọ́n wó ti àtijọ́. Ilé ìtura alájà 43 tí Kenzo Tange yàwòrán rẹ̀, tí ẹ ó máa rí láti òkèèrè, dé ní 2000.

Òrùlé yẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ yín wò dáadáa, nítorí pé ní tèmi, ó yani lẹ́nu ju ọkọ̀ eré lọ. Kò sí òpó kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ ni, tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun, tí wọ́n sì fi irú ohun tí wọ́n ń kùn sí inú páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ bò. Ìpele méjì ni, èyí tí ó wà níta kò sì nípọn tó mìlímítà kan. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé e ró. Fáànù ńláńlá 36 ni ó wà láti máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú pápá náà, kí agbára afẹ́fẹ́ inú lè fi 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìta lọ. Ìyàtọ̀ náà kò ju èyí tí ó wà láàárín ìsàlẹ̀ ilé kan àti àjà rẹ̀ kẹsàn-án, nítorí náà ẹni tí ó jókòó sínú kò ní mọ̀ ọ́n lára, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó gbé òrùlé tí ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 400 dúró. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn tí ẹ ó gbà wọlé fi jẹ́ èyí tí ń yí po, kí afẹ́fẹ́ má bàa tú jáde. Nígbà tí ìdíje bá parí, tí wọ́n bá ṣí àwọn ilẹ̀kùn tí kì í yí kí èrò lè tètè jáde, afẹ́fẹ́ yóò tì yín síta láti ẹ̀yìn. Kí Màmá di gèlè rẹ̀ mú ní àkókò yẹn. N kò fi ṣe àwàdà.

Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín pé ẹ kò mọ òfin béèsìbọ́ọ̀lù. Àwọn tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti mọ́ lára máa ń rò pé ó ṣòro nítorí pé wọ́n ń wá góòlù, kò sì sí góòlù níbẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni, ẹni mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ọ̀kan ń gbá, èkejì ń ṣọ́ pápá. Ẹnì kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ pápá yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan nínú àwọn tí ń gbá yóò fi igi gbá a, yóò sì sáré láti ibùdó kan dé èkejì títí yóò fi yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí i po tán ti gba àmì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tàsé bọ́ọ̀lù tí ó dára ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tàbí tí wọ́n hán bọ́ọ̀lù tí ó gbá kí ó tó kanlẹ̀, ó ti kú. Bí ẹni mẹ́ta bá ti kú, ẹgbẹ́ méjèèjì á pààrọ̀ ipò. Ìpín mẹ́sàn-án ni ìdíje kan, kò sì sí aago tí ń ká a lọ́wọ́ kò. Bí wọ́n bá ṣì wà ní ọ̀mì lẹ́yìn ìpín kẹsàn-án, wọn yóò máa bá a lọ dé ìkejìlá, lẹ́yìn èyí, ní Jàpáánì, ọ̀mì ni. Ẹni tí ó bá ti mọ ìwọ̀nba yìí lè máa ṣàlàyé fún ẹni tí ó jókòó tì í.

Ibi tí ẹ bá jókòó sí ni yóò sọ irú alẹ́ tí ẹ ó ní. Àwọn tí ń pariwo, tí wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n ń fun kàkàkí, ẹ̀yìn pápá ni wọ́n ń jókòó sí, ti Giants ní apá ọ̀tún, ti àlejò ní apá òsì. Kì í ṣe ariwo lásán. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ni ó ní orin tirẹ̀, gbogbo apá ibẹ̀ á sì kọ ọ́ pọ̀ láti ìgbà tí ó bá ti jáde títí yóò fi gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí yóò fi kú; nígbà tí ó bá kan ẹgbẹ́ kejì láti gbá, àwọn yìí á dákẹ́, orin á sì gbéra ní apá kejì. Ẹni tí ó ti orílẹ̀-èdè wa lọ, tí ó mọ ìlù àti orin agberin, yóò gbádùn èyí ju ìdíje fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó ń dìde dúró nígbà tí ẹgbẹ́ wọn bá ń gbá, Màmá kò sì ní lè máa dìde kí ó máa jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Nítorí náà, iwájú pápá, ní ẹ̀gbẹ́ ibùdó kìíní tàbí ibùdó kẹta, ni kí ẹ ra ìjókòó sí, ní ìsàlẹ̀. Ẹ ó gbọ́ orin náà láti ibẹ̀ dáadáa, ẹ ó sì jókòó ti àwọn ìdílé bíi tiyín. Kí ẹ má tìtorí owó tí ó dín kù gba àjà òkè, nítorí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, ó sì dagun púpọ̀ fún orúnkún àgbàlagbà.

Nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù á fò wọ inú èrò. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè àwọn òṣìṣẹ́, ẹ gbójú sókè kíákíá, ìkìlọ̀ ni wọ́n ń fi fèrè náà ṣe. Ẹ ó tún rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n pọn àgbá ọtí bíà sẹ́yìn, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn tí wọ́n sì ń sọ̀ láìsinmi, tí wọ́n ń ta á fún èrò pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹrù náà wúwo gan-an, àwọn mìíràn nínú wọn sì ní oníbàárà tí ń dúró de tiwọn nìkan. Ohun mímu ìgò àti ti agolo kò gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú yín. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì ni pé láti 2022, wọn kò gba owó bébà tàbí owó ẹyọ mọ́ nínú pápá náà: káàdì báńkì, káàdì ọkọ̀ ojú irin bíi Suica, tàbí fóònù ni wọ́n fi ń sanwó. Kí ẹ ti dán káàdì náìrà yín wò ní ilé ìtajà kan ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, nítorí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, pẹ̀lú èrò lẹ́yìn yín, kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí ẹ ti mọ̀ pé báńkì kò jẹ́ kí owó kọjá. Káàdì Suica tí ẹ ti fi owó sínú rẹ̀ ni mo fọkàn tán jù.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ó jọ òun ti gbá bọ́ọ̀lù rí níbẹ̀, ẹ sọ fún un nípa Louis Okoye, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Jàpáánì, tí ó kúrò ní ẹgbẹ́ Rakuten Eagles bọ́ sí Giants ní ìparí 2022. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ẹgbẹ́ Jàpáánì nìkan ni ó ń wá: pápá yìí ni gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Ichiro Suzuki ti fi eré sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2019 lẹ́yìn ìdíje ẹgbẹ́ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà, Mariners, ibẹ̀ náà sì ni ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà méjì mìíràn, Dodgers ti Shohei Ohtani àti Cubs, ti fi ìdíje méjì bẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ilé ìkóǹkan-ìtàn béèsìbọ́ọ̀lù wà nínú ilé pápá náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà 21. Ẹni tí eré náà bá wọ̀ lára lè yà síbẹ̀, ẹni tí kò bá wọ̀ lára lè kọjá.

Ó di ọ̀rọ̀ ọkọ̀ eré. Thunder Dolphin ni orúkọ èyí tí ọmọ yín rí. Ilé iṣẹ́ Intamin ni ó ṣe é, 2003 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́; gíga rẹ̀ tó mítà 80, eré rẹ̀ sì tó kìlómítà 130 ní wákàtí kan. Orí ilé ìtajà LaQua ni ojú irin rẹ̀ gbà, ó gba ihò kan tí wọ́n dá sí ara ilé náà kọjá, ó sì gba àárín Big-O, kẹ̀kẹ́ ńlá tí kò ní ọ̀pá tàbí ohunkóhun láàárín. Big-O ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ bá jókòó nínú kẹ̀kẹ́ náà yóò máa rí ọkọ̀ tí ń ta wàì gba inú òfìfo yẹn kọjá, tòun ti igbe àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 ni kẹ̀kẹ́ náà fi ń yí po, jẹ́ẹ́jẹ́ ni, Màmá àti ọmọ kékeré lè wọ̀ ọ́ láìfòyà, àwọn yàrá kan nínú rẹ̀ sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń kọrin tẹ̀lé ìlù. Bí ẹ bá máa sanwó fún ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀yin márààrún yóò jọ gùn, òun ni.

Ní oṣù Kejìlá 2010, bóòtù irin kan já kúrò lára Thunder Dolphin, ó sì bá ọmọdébìnrin kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀, ó ṣe é léṣe. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ọkùnrin kan já bọ́ láti inú ọkọ̀ eré mìíràn nínú ọgbà kan náà, ó sì kú. Títì ni wọ́n ti Thunder Dolphin, kò sì tún ṣiṣẹ́ títí di oṣù Kẹjọ 2013. N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ìyàwó yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń yẹ ìgbànú ìjókòó wò lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìdí tí fóònù, fìlà, awò ojú àti owó ẹyọ kò fi gbọ́dọ̀ wà lápò ẹni tí yóò gùn, àti ìdí tí ẹ̀bẹ̀ kò fi wúlò. Wọn yóò wọn ọmọ yín mọ́ igi ìwọ̀n. Bí gíga rẹ̀ bá tó, ó tó. Bí kò bá tó, «ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀ ni» kì í ṣe ohun tí a ń sọ níbẹ̀. Ẹ ti wo òfin gíga àti ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí ojú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wọn ọmọ náà nílé, láìwọ bàtà, kí ẹ tó ṣèlérí.

Oṣù Kẹfà tí ẹ mú tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Àkókò òjò ni ní Tókíyò, òjò àti ìjì sì máa ń dá àwọn ọkọ̀ eré tí ó wà níta dúró láìròtẹ́lẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí mo fi ní kí ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo-ọjọ́ láti ilé, òun náà ni ó sì jẹ́ kí ìdíje ṣeé gbára lé: òjò kì í dá ohun tí ó wà lábẹ́ òrùlé dúró. Bí ọjọ́ bá mọ́ tí ojú ọ̀run mọ́lẹ̀, kí bàbá àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ gun Thunder Dolphin ní kùtùkùtù, kí wọ́n má sọ pé ó di ìrọ̀lẹ́.

Fún ọmọ ọdún 5, ASOBono! ni ilé eré tí ó wà nínú ilé, tí bọ́ọ̀lù kéékèèké kún inú adágún rẹ̀, tí ọmọ lè fò sínú rẹ̀ kí ó sì wẹ̀ nínú wọn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Òbí gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ọmọ, òbí náà á sì sanwó. Owó wákàtí kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, bí ẹ bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọn yóò máa fi kún un, nítorí náà kí ẹni tí ó bá mú un lọ máa wo aago.

Ní ti Màmá, ibi tí mo fẹ́ kí ó rí jù lọ kò sí lábẹ́ àṣẹ Tokyo Dome City rárá, ṣùgbọ́n ó fara tì í. Ọgbà Koishikawa Korakuen ni, tí Tokugawa Yorifusa bẹ̀rẹ̀ ní 1629, tí ọmọ rẹ̀ Mitsukuni sì parí. Adágún omi ńlá wà láàárín rẹ̀, afárá òkúta kan sì wà níbẹ̀ tí ìdajì òbírí rẹ̀ wà lókè, tí òjìji rẹ̀ nínú omi sì pé e di òṣùpá àrànmọ́jú. Ní oṣù Kẹfà, òdòdó irisi máa ń tanná lẹ́bàá omi. Yen 300 ni àgbàlagbà ń san. Ìdajì ni fún ẹni tí ó bá ti pé 65, kí Màmá mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání kí wọ́n lè rí ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í san nǹkan kan. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì. Àwọn ọ̀nà kan nínú rẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí ó máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, kí ó wọ bàtà tí ó dì mọ́lẹ̀, kí ó sì mọ ibi tí yóò ti yà kúrò. Láti ẹ̀gbẹ́ adágún, ẹ ó rí òrùlé funfun Tokyo Dome tí ó yọ lókè àwọn igi. Àwọn kan sọ pé ó ba ẹwà ọgbà náà jẹ́, èmi kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí Màmá lọ sinmi ní Spa LaQua, ilé ìwẹ̀ tí ó wà ní àjà òkè LaQua, tí wọ́n ń fa omi gbígbóná oníyọ̀ rẹ̀ láti mítà 1,700 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ẹ ronú kí ẹ tó gbà. Ìhòhò ni a fi ń wọ omi náà, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tí ń wọ aṣọ ìwẹ̀ síbẹ̀. Wọn kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, nítorí náà àbúrò ti jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá kò ní rántí sọ fún yín ni pé wọn kì í gba ẹni tí ó fín ara wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa tí ó ti dàgbà ni ó fín orúkọ tàbí ọnà sí apá tàbí àyà ní ìgbà èwe wọn, gẹ́gẹ́ bí oge. Òfin ibẹ̀ kò bìkítà bóyá ti ọmọ ìta ni tàbí ti ìyá àgbà. Bí Màmá bá ní irú rẹ̀ lára, ẹ má mú un dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dá a padà lójú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ilà ojú yàtọ̀, kì í ṣe àwọ̀ ni wọ́n rẹ sínú rẹ̀.

Ẹ kò béèrè nípa ìjà ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n bóyá ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn rẹ̀. Tokyo Dome ni Buster Douglas ti lu Mike Tyson bolẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1990, ó sì tó ọdún 34 kí ìjà ẹ̀ṣẹ́ ńlá tó tún wáyé níbẹ̀, nígbà tí Naoya Inoue bá Luis Nery jà ní oṣù Karùn-ún 2024. Ìjà tí ó ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀, ti ẹ̀ṣẹ́ àti ti ìjàkadì, Korakuen Hall tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Kò gbà tó ẹgbàá ènìyàn, kò sì sí ìjókòó tí ó jìnnà síbi ìjà. Fún alẹ́ mìíràn ni, kì í ṣe fún ọjọ́ tí ẹ kó ọmọ dání.

Bí ìdíje bá jẹ́ ti ọjọ́ iṣẹ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin márààrún á wọ ọgbà Koishikawa Korakuen ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó pínyà: ẹ̀yin àti ọmọkùnrin sí Thunder Dolphin, ìyàwó yín àti àbúrò sí ASOBono!, kí Màmá yan ẹni tí yóò tẹ̀ lé tàbí kí ó jókòó sí LaQua, níbi tí ẹ ó ti pàdé fún oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ jẹun kí agogo méjìlá tó lù, nítorí lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò máa ń ya wọ ilé oúnjẹ. Ẹ wọ Big-O ní ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí ọmọ kékeré sùn díẹ̀, kí ẹ sì wọ pápá ní wákàtí kan ṣáájú ìdíje. Bí ó bá jẹ́ ti òpin ọ̀sẹ̀, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán lọ́pọ̀ ìgbà, ọgbà yẹn àti ọkọ̀ eré ni kí ẹ ṣe ní àárọ̀, kí ẹ sì fi kẹ̀kẹ́ sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí iná bá ti tàn; èyí ni èmi ìbá yàn, nítorí ọmọ ọdún 5 kò ní tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé ní ìpín kẹfà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹgbẹ́ náà ní ojú ewé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, iye rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àti ẹgbẹ́ tí ń bọ̀ bá ṣe rí. Bí ó bá jẹ́ Hanshin Tigers láti Nishinomiya, tí wọ́n ti ń bá Giants figẹ̀ wọngẹ̀ tipẹ́, ẹ tètè rà á. Bí ọjọ́ yín bá wá bọ́ sí ọjọ́ tí olórin ńlá kan ń kọrin ní pápá náà, ẹ mọ̀ pé gbogbo àpótí oníkọ́kọ́rọ́ tí a ń kó ẹrù sí yóò ti kún láti ọ̀sán, kí ẹ fi ẹrù sílẹ̀ sí ilé ìtura.

Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ó yí ibẹ̀ ká ju ẹyọ kan lọ, àlejò púpọ̀ sì ni ó mọ Suidobashi nìkan. Ẹ lè bá ti Suidobashi wá, ṣùgbọ́n ẹ má bá a padà ní alẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èrò ìdíje ń dà gììrì sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jókòó fún bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ìdíje bá parí, kí afẹ́fẹ́ ilẹ̀kùn àti èrò lọ tán, kí ẹ wá rìn gba ẹ̀gbẹ́ LaQua lọ sí ibùdó Korakuen. Bí ilé ìtura yín bá wà ní Ikebukuro, Shinjuku tàbí nítòsí ibùdó Tokyo, ọ̀nà Marunouchi yóò gbé yín láti ibẹ̀ dé ibẹ̀ láìpààrọ̀ ọkọ̀.